Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Mú: Wáyà Ni Kẹ́ ẹ Fọwọ́ Kàn Kẹ́yìn

Tí bíréèkì kẹ̀kẹ́ kò bá mú mọ́, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n fún wáyà rẹ̀. Á mú fún ọjọ́ mélòó kan, á tún rọ̀, wọ́n á tún fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa bá a lọ títí bóòtù kò fi ní yí mọ́, kẹ̀kẹ́ kò sì ní dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú lè má tètè fura. Ọjọ́ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè-Ìtasẹ̀, tí ewúrẹ́ já síwájú rẹ̀, ló máa mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ lásán ni bíréèkì òun.

Lójú tèmi, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì ni wáyà ń jẹ. Ríìmù tó dọ̀tí, rọ́bà tó ti gan, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó wọ́ àti apá bíréèkì tó ti dípẹtà ló sábà ń fa wàhálà yìí. Tí ẹ bá tún àwọn wọ̀nyí ṣe tán, iṣẹ́ tó kù lára wáyà kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé ètò bí mo ṣe tò ó, ẹ má fo ìpele kankan.

Kẹ̀kẹ́ tòkúǹbọ̀ tó ní apá gígùn méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ríìmù, ọ̀kan lápá òsì, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. V-brake ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, òun ló sì pọ̀ jù lára èyí tí wọ́n ń tà fún wa. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn bíréèkì yòókù ní ìsàlẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

- Allen key 5 mm, àti sípánà 10 fún kẹ̀kẹ́ àtijọ́
- Sípánà 15 fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́
- Sukudiráfà oníràwọ̀ kékeré
- Píláyà tó lè gé wáyà
- Sáńpépà tó kúnná, abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan
- Sípírítì díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà nílé oògùn
- Àkísà mímọ́ méjì, omi, ọṣẹ
- Káàdì ATM tí ẹ kò lò mọ́
- Gíríìsì àti ọ́ìlì díẹ̀
- Rọ́bà bíréèkì tuntun, ìyẹn èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní ṣúù, tí tàtijọ́ bá ti jẹ tán

Tí ẹ bá máa ra wáyà, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu pé wáyà bíréèkì lẹ fẹ́, kì í ṣe wáyà jíà. Wáyà bíréèkì ki ju ti jíà lọ: ó tó 1.5 tàbí 1.6 mm, ti jíà kì í ju 1.2 mm lọ. Èyí tó tún léwu jù ni ike dúdú tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Irin tó wà nínú ike bíréèkì lọ́ yíká. Irin tinrin tó nà gbọọrọ ló wà nínú ti jíà, ó sì lè bẹ́ lójijì tí ẹ bá fi gbogbo agbára fa bíréèkì. Ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ti gé ike náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ wo orí wáyà pẹ̀lú: ti hándù tó nà tààrà máa ń ní orí gbọ̀ọ̀rọ̀-gbọ̀ọ̀rọ̀ tó dùbúlẹ̀, ti hándù tó tẹ̀ kọdọrọ wá sísàlẹ̀ máa ń ní orí kékeré tó ṣe ṣóńṣó.

ÌPELE 1: Ọwọ́ wo ló ń mú ẹsẹ̀ wo?

Ẹ má rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń mú ẹsẹ̀ iwájú. Èyí tó bá wá láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ló ń mú iwájú. Gbogbo wọn ló sì wà pa pọ̀ nínú kọ̀ǹtánà kan náà. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀kadà lára, tí ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ bíréèkì iwájú, tí ọwọ́ òsì sì jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, lè fún ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Jámánì pa láìmọ̀.

Ẹ di hándù mú, ẹ fún ọwọ́ bíréèkì kan, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú. Ẹsẹ̀ tí kò bá yí ni ọwọ́ yẹn ń mú. Tí kò bá bá ọwọ́ yín mu, ẹ lè pààrọ̀ wáyà méjèèjì síra wọn nígbà tẹ́ ẹ bá dé ìpele kẹfà.

Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kó má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, pé á gbé e ṣubú. Òótọ́ wà níbẹ̀ tí èèyàn bá fún un mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró, iwájú ni ìwọ̀n ara ń wọ́ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fúyẹ́, á wá máa yọ̀ lórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo ti ẹ̀yìn nìkan fi máa ń rìn tó nǹkan bí ìlọ́po méjì kó tó dúró. Tí ẹ bá ń sáré 20 km láàárín wákàtí kan lórí ọ̀dà gbígbẹ, bíréèkì méjèèjì tó dára lè dá yín dúró láàárín mítà mẹ́rin. Tí eré yín bá di 40, kì í ṣe mítà mẹ́jọ: á tó mẹ́rìndínlógún. Torí náà, iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

ÌPELE 2: Ẹ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀

Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kó fi ìjókòó àti hándù dúró. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà jókòó dáadáa nínú àlàfo rẹ̀ lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ tún wá dè é pinpin. Ọ̀pọ̀ bíréèkì tí wọ́n ní ó fẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni kò jókòó dáadáa.

Ẹ wá yí i, ẹ tẹjú mọ́ àlàfo tó wà láàárín ríìmù àti rọ́bà. Tó bá ń fẹ̀ tó sì tún ń há bó ṣe ń yí, ríìmù ti wọ́ nìyẹn. Tí wíwọ́ náà bá ju 2 mm lọ, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ sípóòkù. Mi ò ní kọ́ yín níyẹn níbí, torí sípóòkù tí wọ́n bá fún ní ìfún tí kò yẹ á tún ba ríìmù jẹ́ sí i. Ẹ má sì tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó tọ́ ọ, nítorí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fún rọ́bà ní àlàfo tó dọ́gba lára ríìmù tó ń jó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ríìmù. Púpọ̀ nínú ríìmù alumíníọ̀mù ló ní ìlà tóóró kan tí wọ́n fà yíká, tàbí ihò wẹ́wẹ́, níbi tí rọ́bà ti ń gbá a. Tí ìlà náà bá ti parẹ́, ríìmù ti jẹ tán, afẹ́fẹ́ inú táyà lè fà á ya nígbàkigbà. Tí kò bá ní ìlà, ẹ gbé rúlà lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí àárín bá ti jin wọlé tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá dáadáa, ẹ má gùn ún mọ́.

Irin tàbí alumíníọ̀mù? Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ kàn án. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ríìmù irin máa ń mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an. Kò sí fífún wáyà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbí: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yí láìjó, nọ́ọ̀tì méjèèjì gbọ́dọ̀ le, tí ẹ bá sì di ríìmù mú tí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, kò gbọdọ̀ mì jẹ̀kẹ̀jẹ̀kẹ̀.

ÌPELE 3: Fífọ ríìmù àti jíjí rọ́bà

Eruku pupa wa yìí, tó bá pàdé ọ́ìlì ṣéènì, á di ohun dúdú kan tó ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi àkísà tó ní sípírítì nù ún yíká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo kẹrosíìnì tàbí dísù. Mo mọ̀ pé òun ló wà nílé gbogbo oníṣẹ́, ó sì ń bó ìdọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ọ̀rá yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí bíréèkì mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sórí ṣéènì tí wọ́n á wá yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kíkankíkan: ibi tí ọ́ìlì náà ń fò lọ ni ara ríìmù.

Ó wá kan rọ́bà. Ẹ tú u kúrò lára apá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò bí àwọn wáṣà rẹ̀ ṣe tò, torí wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà: èyí tó nípọn wà, èyí tó tinrin wà, àwọn kan rí roboto, àwọn kan jin kòtò. Ẹ gbé ojú rọ́bà sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹ máa rí nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń kọ mànà láàárín dúdú rẹ̀. Alumíníọ̀mù tó já lára ríìmù ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn yìí ló ń ha ríìmù jẹ, àwọn ló sì ń dún fín-ín-fín-ín tí ẹ bá fún bíréèkì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí nìkan ti tún ọ̀pọ̀ bíréèkì ṣe láìná kọ́bọ̀.

Tí ojú rọ́bà bá ń dán bí awo, ẹ fi sáńpépà ha á títí dídán náà á fi lọ. Ẹ wá fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Tó bá fún yín láyè díẹ̀, ó ṣì dára. Tó bá le gbagidi, oòrùn àti ọjọ́ orí ti gan án, ẹ jù ú nù bó tilẹ̀ nípọn. Èyí wọ́pọ̀ lára tòkúǹbọ̀ tó ti jókòó síta fún ọdún mélòó kan. Ẹ tún wo ìlà tàbí kòtò tó wà lójú rọ́bà. Tí kòtò bá ti tán, rọ́bà ti tán.

Àyẹ̀wò: ẹ fi àkísà funfun nu ríìmù. Tí kò bá dúdú, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

ÌPELE 4: Gbígbé rọ́bà sí ààyè rẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá kánjú níbí á padà wá.

Ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ dá wáṣà padà bẹ́ ẹ ṣe bá a nínú fọ́tò, ẹ fi bóòtù rọ́bà mọ́ apá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dè é. Tí rọ́bà bá jẹ́ irú èyí tó ń wọ inú àpótí irin tinrin, ẹ wo apá ibi tí àpótí náà ti là sílẹ̀: ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọjú sí, ibi tó dí ló gbọ́dọ̀ kọjú síwájú. Tí ẹ bá yí i padà, ọjọ́ tí ẹ bá fún bíréèkì gan-an, ríìmù á fa rọ́bà yọ kúrò nínú àpótí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní ọfà tàbí lẹ́tà L àti R. Ẹ tẹ̀ lé e.

Ẹ fọwọ́ kan ti rọ́bà mọ́ ríìmù. Gbogbo ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ríìmù. Òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 1 mm jìnnà sí etí ríìmù níbi tí táyà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá kan táyà, á gé e láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, táyà á bú lójú títì. Tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá yọ kúrò lábẹ́ ríìmù, ibi tó yọ náà kò ní jẹ, á di etí gíga tó lè há sábẹ́ ríìmù.

Káàdì ATM yẹn wá wúlò báyìí. Ẹ gé etí rẹ̀ tóóró kan, ẹ fi sáàárín ríìmù àti ìdí rọ́bà, ìyẹn apá tó kọjú sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Káàdì náà kò tó 1 mm, ó sì tó fún ohun tí a fẹ́: kí iwájú rọ́bà kọ́kọ́ kan ríìmù, kí ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bíréèkì tí kò bá ní èyí ló máa ń han bí ẹni ń pa ẹran tí gbogbo àdúgbò á fi yíjú wò yín.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fún ọwọ́ bíréèkì mú kí rọ́bà lẹ̀ mọ́ ríìmù, kẹ́ ẹ wá dè bóòtù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: bí bóòtù ṣe ń yí ni rọ́bà ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi píláyà tàbí ọwọ́ kejì di rọ́bà mú ṣinṣin títí bóòtù á fi le. Ẹ yọ káàdì, ẹ ṣe apá kejì.

Àyẹ̀wò: ẹ fún bíréèkì díẹ̀díẹ̀, ẹ wò ó láti òkè. Iwájú rọ́bà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ríìmù. Ẹ wá fi ọwọ́ yí rọ́bà tagbára-tagbára. Tó bá mì, ẹ tún un dè.

ÌPELE 5: Kí apá méjèèjì máa rìn pa pọ̀

Tí apá kan bá ń lọ tí ìkejì dúró, ẹ wo ìsàlẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, súkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yí i sápá ọ̀tún, sípíríǹgì apá yẹn á le sí i, á sì fà á kúrò lára ríìmù. Ẹ yí i sósì, á rọ̀. Ìlàjì yíyí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fún bíréèkì, kẹ́ ẹ wò ó.

Tí súkúrù kò bá yí ohunkóhun padà, ìpẹtà ti mú apá náà. Ẹ tú u kúrò lórí irin tó dúró lé, ẹ fi sáńpépà nu irin náà, ẹ fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, ẹ máa rí ihò mẹ́ta tí ẹnu sípíríǹgì lè wọ̀. Àárín ni kẹ́ ẹ fi sí, lápá méjèèjì. Ẹ nu ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan rọ́bà.

ÌPELE 6: Wáyà, níkẹyìn

Ẹ yọ orí wáyà kúrò nínú ọwọ́ bíréèkì, ẹ wò ó dáadáa. Ibẹ̀ ló ti máa ń já fọ́nrán-fọ́nrán. Fọ́nrán kan péré tó bá ti já, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Kò sí sísopọ̀, kò sí dídi kókó. Tí wáyà bá dára, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ike rẹ̀.

Lẹ́nu ọwọ́ bíréèkì, níbi tí ike ti wọlé, ohun kan wà tí a lè fi ọwọ́ lásán yí. Ẹ yí i wọlé tán, kẹ́ ẹ wá yí i síta lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi wáyà gba inú irin tó tẹ̀ tó wà lórí apá bíréèkì, ẹ jẹ́ kí irin náà jókòó sínú ihò rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan fún apá méjèèjì títí àlàfo á fi ku 1 sí 2 mm lápá kọ̀ọ̀kan, ẹ fa wáyà, ẹ dè bóòtù.

Ẹ wá fún ọwọ́ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára yín, léraléra. Wáyà á nà díẹ̀, ike á jókòó. Ẹ tún un fà. Ẹ fi wáyà bí ìbú ìka mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn bóòtù, ẹ gé ìyókù, ẹ fi fìlà kékeré rẹ̀ dé e kó má bàa tú.

Ibi tó yẹ kó mú: nígbà tí ọwọ́ bíréèkì bá ti dé àárín ọ̀nà sí hándù. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ àárín wọn nígbà tí ẹ bá fún un pinpin.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọwọ́ bíréèkì ṣì ń kan hándù, ẹ wo ọwọ́ bíréèkì fúnra rẹ̀. V-brake nílò ọwọ́ tó ń fa wáyà gùn. Oníṣẹ́ tó bá fi ọwọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́ eléré rọ́pò èyí tó kán, ọwọ́ náà kò lè fa wáyà tó. Ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún V-brake.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: gbogbo ìgbà tí fọ́káníṣà bá tú táyà yín láti lẹ̀ ẹ́, ó máa yọ irin tó tẹ̀ yẹn kúrò nínú ihò rẹ̀. Tó bá gbàgbé láti dá a padà, ẹ kò ní bíréèkì rárá. Ẹ fún un kẹ́ ẹ tó gorí kẹ̀kẹ́.

ÌPELE 7: Ìdánwò, kì í ṣe lórí òkè

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ fún ti iwájú, ẹ tì í síwájú: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gbéra nílẹ̀. Ẹ fún ti ẹ̀yìn, ẹ tì í: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọ́ nílẹ̀ láìyí. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ dúró, ẹ tún gùn ún. Rọ́bà tuntun kì í mú dáadáa títí á fi mọ ojú ríìmù. Ẹ da omi sí ríìmù, kẹ́ ẹ tún dán an wò, kí òjò má bàa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa fi hàn yín.

Tí ẹ bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ fún méjèèjì pọ̀, ẹ ti ìdí sẹ́yìn, ẹ na apá. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀, àgàgà tí yanrìn bá wà níbẹ̀.

TÍ BÍRÉÈKÌ YÍN BÁ JẸ́ IRÚ MÌÍRÀN

Onípáánù: páànù roboto ló wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, páàdì ló ń há a. Ọ̀rá ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ kan ojú páànù náà, ẹ má sì fín ohunkóhun sí i nítorí pé ó ń dún. Sípírítì nìkan. Tí ọ́ìlì bá ti wọ páàdì, ẹ ra tuntun. Tó bá jẹ́ èyí tó ń lo omi bíréèkì dípò wáyà, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: DOT tàbí mineral oil. Wọn kò ṣeé pààrọ̀ fúnra wọn, ọ̀kan á ba rọ́bà inú èkejì jẹ́. Ẹ má sì fún ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò bá sí níbẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀, irú ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń fi pẹ́dà sẹ́yìn dúró: ẹ wá irin pẹlẹbẹ tó jáde láti àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi bóòtù dè é mọ́ férémù. Ọ̀pọ̀ tòkúǹbọ̀ ni ìdè yẹn ti sọnù lára rẹ̀. Tí ṣéènì bá sì já, bíréèkì náà ti lọ, torí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ ní bíréèkì ọwọ́ kan pẹ̀lú.

Ẹ̀yìn ọ̀kadà onílù: nọ́ọ̀tì tó wà ní ìparí ọ̀pá bíréèkì lẹ máa yí. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ rìn tó 20 sí 30 mm kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè kẹ́ ẹ yí i. Kò gbọdọ̀ ha. Tí àmì tó wà lára ìlù bá ti fi hàn pé ṣúù ti tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fún un mọ́. Eruku inú ìlù yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu fẹ́. Ẹ fi àkísà tútù nù ún.

Raleigh àtijọ́ tó ń lo ọ̀pá irin dípò wáyà, irú èyí tí àwọn bàbá ṣì ń gùn wá láti oko kòkó: rọ́bà rẹ̀ ń fà sókè kan inú ríìmù ni. Ẹ kán ọ́ìlì sí gbogbo oríkèé ọ̀pá náà, ẹ dè gbogbo ìdè rẹ̀, kí rọ́bà méjèèjì sì dọ́gba. Ríìmù irin ló ní, nítorí náà lọ́jọ́ òjò, tí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa tì í ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.